Ààwẹ̀ Tí Mo Fi Agídí Gbà

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ṣí ìwé ìpè fún ẹ̀jẹ̀ ara mi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òkukù, ìwé ìpè sì ni mo fi ń mú ọmọ tó bá ń sá nílé ìwé. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ti di ọmọ ìsáǹsá. Ó lè má yọjú fún ọ̀sẹ̀ méje, kí ó wá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan láìkíni, kí ó sì jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ra ìwé tuntun, mo fi rúlà fa ìlà sí i. Ọjọ́ tó bá wá, mo fi bíírò pupa sàmì sí i. Ọjọ́ tí kò bá wá, mo fi aláwọ̀ aró. Ọjọ́ tó bá wá pẹ̀lú ariwo, tó jẹ́ pé páàdì méjì papọ̀ ni mo fi ń jáde nílé, mo fa ìlà pupa méjì.

Ìwé náà wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, láàárín ìwé ìpè àwọn ọmọ kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tíṣà mi tó ṣí i wò rí. Ta ló máa ń fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìwé ìpè?

Ìkìrun ni mò ń gbé. Láràárọ̀, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì akérò gba Inísà kọjá lọ sí Òkukù, mo sì mọ gbogbo ọgbọ́n tí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fi ń wọ bọ́ọ̀sì. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú ni lójoojúmọ́, ìró kan sì wà nínú báàgì. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń mú, kí ẹnikẹ́ni má bàa wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá dìde. Bí a bá dé, mo máa ń ní kí gbogbo èrò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n rò pé ìwà àgbà ni. Ìjókòó ni mò ń yẹ̀ wò.

Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Ìkìrun, ọmọbìnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ mi nígbà tó rí ìwé ìpè náà. Ó ní bí òun bá bi àwọn obìnrin mìíràn pé ìgbà wo ni wọ́n rí nǹkan oṣù wọn kẹ́yìn, wọ́n á ní ìgbà tí wọ́n ń kó ọmọ àbúrò ọkọ wọn jáde. Ó fi síkáànù wo inú mi, ó ní ìju mẹ́ta, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dù, ló wà nínú ilé ọmọ. Ọ̀kan tó ọsàn, ọ̀kan tó àgbálùmọ̀, ẹ̀kẹta kò ju èso ìyeyè lọ. Mo bi í pé ṣé dókítà ni àbí aláàtẹ èso. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọṣẹ́ rẹ̀. Ó ti yẹ inú ilé ọmọ náà wò, kò sí àrùn burúkú níbẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ orí yín ló ń bá wa ṣiṣẹ́ yìí, Mà. Nǹkan oṣù yín ti ń palẹ̀ mọ́. Bó bá ti lọ tán, ìju náà ò ní rí nǹkan jẹ mọ́, á máa rún lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ lára yín lẹ́rù rẹ̀ ń bà mí." Ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní kí n máa jẹun sí i, kí n sì máa yọjú lóṣooṣù. Ó ní bí ọkàn mi bá ń lù kìkì, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ mi, kí n má dúró wo nǹkan kan.

Mo bọ́ síta, ọkàn mi balẹ̀. Àìsàn ni à á wò, a kì í wo ikú. Èmi kì í sì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń tètè bà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ń ti Òkukù bọ̀, mo yà ní Inísà lọ́dọ̀ Màámi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á dá a dúró." Wọn ò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì tún dá a sílẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára gan-an ni ti ìrun. Mùsùlùmí ni wá nílé wa. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun, kì í sì í gba ààwẹ̀, títí yóò fi wẹ ìwẹ̀ mímọ́. Èyí kò ni mí lára nígbà tó jẹ́ ọjọ́ márùn-ún lóṣù, ìsinmi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìwé ìpè mi, mo rí i pé nínú oṣù méjì gbáko, ọjọ́ mọ́kànlá péré ni mo forí kanlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí a máa ń ṣe àsáláátù, bí àwọn yòókù bá ti dìde láti kírun, àwa tí a wà nínú ìsinmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Àwọn ìyàwó kéékèèké ni mò ń bá jókòó níbẹ̀, àwọn tí mo kọ́ ní a-b-d. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, àṣé ẹ̀yin náà ṣì ń ṣe é?" Mo ní, "Mò ń ṣe é. Ṣé wọ́n ní kí n kó o fún ọ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ó dùn mí. Ó rí lára mi bí ẹni tí wọ́n tì síta nílé bàbá rẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé láti ojú fèrèsé. Nígbà tó sú mi, mo dúró de Àlàájà tó ń kọ́ wa lẹ́sìn lẹ́yìn àsáláátù. Obìnrin kúkurú kan ni wọ́n, ohùn wọn kì í lọ sókè, ìmọ̀ wọn sì jinlẹ̀. Mo ṣàlàyé ara mi fún wọn.

Wọ́n bi mí pé, "Kó tó di pé ó dàrú, ọjọ́ mélòó ló máa ń ṣe yín?"

Mo ní, "Márùn-ún."

"Ṣé kì í yẹ̀?"

"Kì í yẹ̀, Àlàájà."

"Ẹ ka márùn-ún yẹn. Bí kò bá dá, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta dúró dè é, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wẹ̀, ẹ di ara yín dáadáa, ẹ máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ àìsàn nìyẹn, kì í ṣe nǹkan oṣù. Kò dí yín lọ́wọ́ ìrun, kò dí yín lọ́wọ́ ààwẹ̀."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo délé, mo wẹ̀, mo kí ìrun ọ̀sán, mo sì pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn tí Àlàájà sọ yẹn ni mo dì mú. Kò dí yín lọ́wọ́ ààwẹ̀. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ṣe ń súnmọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn náà ń tóbi sí i nínú mi.

Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, n kò gba Ràmàdáánì ní pípé rí. Ọdọọdún ni nǹkan oṣù máa ń bọ́ sínú rẹ̀, tí màá wá máa san ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ọdún nígbà tí gbogbo ayé ń jẹun. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti lọ kì í jẹ́ kí a simi. Wọ́n á jókòó lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á ní, "Tèmi pé o, ọgbọ̀n gbáko." Mo ti ń jowú wọn tipẹ́. Lọ́dún yìí, ẹ̀jẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù tó lé, kò sì dá. Nígbà tí oṣù lé, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ló ti jẹ́. Mo ní ó parí. N ó gba tèmi ní pípé.

Ẹni tí mo ń bá jà nítorí ààwẹ̀ náà ni Màámi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn, tó jẹ́ pé láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé ààwẹ̀ ti tán fún wọn. Ẹ̀sìn náà sì ti yanjú rẹ̀: àgbà tí ara rẹ̀ kò gbé ààwẹ̀ mọ́, ìtánràn ló kàn án, kó máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìṣirò fún kíláàsì kẹrin. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, Tíṣà." Bí inú wọn kò bá dùn sí mi, Tíṣà ni wọ́n máa ń pè mí.

A wá ṣe é báyìí. Láàárọ̀, bí bọ́ọ̀sì bá dé Inísà, mo máa sọ̀kalẹ̀, màá gbé kúlà oúnjẹ méjì lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ tiwọn. Èkejì jẹ́ ti opó kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn, ìyẹn ni ìtánràn. Màámi á gba méjèèjì, wọ́n á ṣàdúrà fún mi, màá sì wọ bọ́ọ̀sì mìíràn lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, màá gba kúlà méjèèjì pẹ̀lú inú dídùn, nítorí pé òfìfo ni wọ́n máa ń jẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀ pàápàá, mò ń gbé e lọ.

Èmi náà ń gba tèmi lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fún mi ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, mo sì ti pa á tì, mo ní ó di ẹ̀yìn ọdún. Ọjọ́ tí ó yẹ kí n yọjú sí dókítà náà kọjá, mo ní ó di ẹ̀yìn ọdún. Ooru ìgbà náà mú, ọ̀dá òjò sì wà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, mo ṣàkíyèsí pé òórùn ṣọ́ọ̀kì ti ń wù mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró nítòsí pátákó ìkọ̀wé bí wọ́n bá ń nù ún, màá máa fa eruku rẹ̀ símú bí ẹni tó dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ègé ṣọ́ọ̀kì kan dání nínú ọ́fíìsì, ó sì kù díẹ̀ kí n tọ́ ọ wò, ààwẹ̀ ni kò jẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ló wọ ọ́fíìsì mi, àmọ́ bí mo bá gùn ún tán, màá di fèrèsé mú kí ọkàn mi tó rọlẹ̀. Tíṣà kíláàsì kẹfà ní, "Mà, ojú yín funfun o." Mo ní ìmọ́lẹ̀ ààwẹ̀ ni.

Ìlà pupa méjì ni mo sì ń fà sínú ìwé ìpè lójoojúmọ́. Mo fi rúlà fà wọ́n, wọ́n gún régé.

Lọ́jọ́ kejìlá ààwẹ̀, nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Inísà lọ́sàn-án, opó yẹn pàdé mi létí títì. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá Tíṣà. Kúlà méjì lójoojúmọ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó ṣẹ́kù lálẹ́ ni mo fi ń ṣe sààrì."

Mo dúró síbẹ̀. Kúlà méjì. Ọjọ́ méjìlá.

Mo wọlé tọ Màámi lọ, mo rí wọn lórí ẹní, wọ́n ti ń múra de ìrun ìrọ̀lẹ́. Ètè wọn gbẹ. Mo ṣe wàhálà. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni. Mo ní ṣé àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni, àbí èmi ni mi ò mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní agídí ni ẹ̀ ń ṣe, Màámi, kì í ṣe ẹ̀sìn. Gbogbo ohun tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́, àmọ́ ọmọ tó ń sọ ọ́ ti gbẹ bí igi ìdáná. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo na ìka sókè kí n fi sọ èyí tó kù, mo rí i pé ògiri ń rìn bọ̀. N kò rántí ohun tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ojú mi là, orí mi wà lórí itan Màámi. Wọ́n ti da omi sí mi lójú, ife omi kan sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e sí mi lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Mu."

Mo ní, "Màámi, ìṣínu ku wákàtí méjì."

Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ ti gba inú síkẹ́ẹ̀tì dúdú náà kọjá sórí ẹní wọn, ẹní tí wọ́n fi ń kírun. Wọ́n gbé ife náà sílẹ̀, wọ́n ké sí ọmọkùnrin aládùúgbò tó ní ọkọ̀, ohùn wọn sì le débi pé mo gbà pé n kò mọ ìyá mi tó.

Nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kó wà lára mi, ohun tó ṣẹ́kù fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára nílé ìwòsàn ní Ìkìrun. Dókítà mi wá ní kí n jẹ́ kí òun rí ìwé ìpè mi, tó wà nínú báàgì tí mo gbé ti ọ́fíìsì bọ̀. Ó ṣí i, ó ka ìlà pupa títí tó fi dé ọjọ́ kẹtàlélógún. Kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ní, "Ìwé yìí dára gan-an, Mà. Ta lẹ wá ń kọ ọ́ fún?"

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ni. Mo ti bá tíṣà wí lóríṣiríṣi nítorí pé ó ń sàmì ọmọ tí kò wá, kò sì dé ilé ọmọ náà láti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà wá kí mi. Wọ́n jókòó, wọ́n mú ọwọ́ mi tí kò ní abẹ́rẹ́. Mo ní, "Àlàájà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò dí mi lọ́wọ́."

Wọ́n ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dí yín lọ́wọ́. Mi ò sọ pé ara yín gbé e. Ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ lẹ bi mí, ẹ ò bi mí ní ìbéèrè àìsàn, nítorí ẹ mọ èsì rẹ̀. Ọlọ́run yọ̀ǹda kí aláìsàn jẹun. Ẹ̀yin wá dá a padà fún un, ẹ ní ẹ ò gbà."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo wo àpò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó so rọ̀ lókè orí mi. Ojú tì mí, mo sì sọ fún wọn pé ojú tì mí. Wọ́n ní kò burú, pé ojú àgbà náà máa ń tì í.

Dókítà fún mi ní oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, ó pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ sí èyí tí kì í mú ìgbẹ́ le. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni kí n máa jẹun: ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀fọ́. Ó ní a ó wò ó fún oṣù mẹ́ta. Bí ìju náà kò bá gbọ́, a ó yọ ilé ọmọ náà kúrò. Ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń túfọ̀. Mo ní kó má fi ìdààmú bá ara rẹ̀. Ilé ọmọ náà ti bí ọmọ mẹ́rin fún mi, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí àsìkò bá tó, kó lọ fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo sọ nìyẹn, mo sì dúró lé e títí di òní.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Baba àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màámi ni mo lọ ní Inísà. Mo se ẹ̀wà fúnra mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti ìdáná, n kò yára. Nígbà tó di ọ̀sán, mo bù ú sínú àwo méjì, mo gbé ọ̀kan síwájú Màámi, mo gbé ọ̀kan síwájú mi. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní ṣíṣí. Àwọn ènìyàn ń ti màsálásí bọ̀, wọ́n ń kọjá lójú títì. Mo dìde kí n lọ ti ilẹ̀kùn.

Màámi ní, "Fi sílẹ̀. Ẹ̀wà lo fẹ́ jẹ, o ò jalè."

Mo jókòó padà. Màámi kò fọwọ́ kan àwo tiwọn.

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹun."

Wọ́n ní, "Ìwọ ni aláìsàn. Jẹun, jẹ́ kí n máa wò ọ́."

"Ẹ̀yin náà ní oògùn láti lò."

"Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń gba ààwẹ̀. Ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n."

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. Mo ní bí wọn ò bá jẹ, èmi náà ò ní jẹ, ó di ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwa méjèèjì jókòó báyẹn. Ẹ̀wà ń tutù. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọdé ni mò ń hù, àmọ́ n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà. Bí n kò bá jẹun, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí mi kò ní pẹ́ tán. Bí Màámi náà kò bá jẹun, oògùn yẹn yóò gbé wọn ṣubú lọ́jọ́ kan tí kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé.

Màámi ń wo àwo náà. Wọn ò wò mí.

Wọ́n ní, "Kì í ṣe Ràmàdáánì ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí o sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ kò dá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àtìní àti Àlàmísì, mi ò pa ọ̀kan jẹ rí. Mi ò mọ iṣẹ́ dókítà. Mi ò ní okun tí mo lè fi tọ́jú rẹ. Ebi nìkan ló kù tí mo ní, tí mo lè gbé síwájú Ọlọ́run, kí n ní kó wo ọmọ mi."

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá láti ọjọ́ yẹn. Mo kà á lọ́kàn. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú. Èmi tí mo ń pe igba ọmọ lórúkọ láràárọ̀, tí mo mọ èyí tí kò jẹun wá sílé ìwé bí mo bá ti wo ojú rẹ̀, mo ń gba ìyá mi kọjá lójoojúmọ́, n kò sì mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n nítorí mi. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sunkún débi tí n kò sunkún dé nígbà tí mo gbọ́ pé mo ní ìju, tàbí nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí mi. Màámi fi mí sílẹ̀ kí n sun ún tán.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Màámi, ó ti gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti wọ ara mi, ó sì ti ń dá, ọjọ́ méjì nìyí. Ọlọ́run ti gba ebi yín. Ẹ má tún fún un ní òmíràn mọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo ń sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n fa àwo wọn mọ́ra. Wọ́n ní, "Bísímílàhì." Wọ́n bu ẹ̀wà náà, wọ́n fi sẹ́nu lójú ọ̀sán gangan nínú Ràmàdáánì, nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ. Mo rí i bí ó ti nira fún wọn tó, mo sì rí i pé èmi ni wọ́n ń ṣe é fún, bí wọ́n ṣe gba ààwẹ̀ náà fún mi.

Wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

Mo ní dókítà ló ní kí a dín iyọ̀ wọn kù.

Wọ́n ní, "Tíṣà, pa ẹnu dé, kí o jẹun."

Mo jẹun.